Antonio Mímọ́ ti Padua, Alágbàwí Onígbèsè

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí bá ìgbésí ayé Antonio Mímọ́ ti Padua mu pẹ́kípẹ́kí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjọ Àgùdà mọ̀ ọ́n sí ẹni tí a ń ké pè bí nǹkan ẹni bá sọnù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe fún àwọn tí gbèsè sọ di ẹlẹ́wọ̀n ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa gbé yẹ̀wò.

Ìlú Lisbon, ní ilẹ̀ Potogí, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1195; Fernando ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wọ ẹgbẹ́ Augustine Mímọ́, ó sì ti kàwé jinlẹ̀, kí a tó gbé òkú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Francis márùn-ún tí a pa ní Mòrókò wá sí Coimbra ní ọdún 1220. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó wọ ẹ̀wù àwọn arákùnrin tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ òṣì, ó yí orúkọ padà, ó sì kọrí sí Mòrókò. Àìsàn dá a padà, ìjì sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Sicily.

Ní Ítálì, wọ́n rò pé àwo fífọ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ní ọjọ́ kan ní Forlì, tí oníwàásù kò sí, wọ́n ní kí ó ṣáà sọ ohun tí ó bá wá sí i lẹ́nu. Ẹnu sì ya gbogbo ìjókòó. Lẹ́yìn èyí ni Francis fúnra rẹ̀ fún un láṣẹ láti máa kọ́ àwọn arákùnrin, bí ẹ̀kọ́ náà kò bá ti ní pa iná àdúrà.

Ní àkókò Lẹ́ǹtì ọdún 1231, ó wàásù lójoojúmọ́ ní Padua, níbi tí àwọn olówó èlé ti ń sọ ogún di ogójì, tí ajigbèsè sì ń ṣẹ̀wọ̀n. Antonio kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí àga ìwàásù. Ó bẹ àwọn aláṣẹ ìlú. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ṣòfin, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ̀bẹ̀ Antonio ni: ajigbèsè tàbí onídùúró tí ó bá ti jọ̀wọ́ ohun ìní rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹ̀wọ̀n mọ́. Olówó lè gba ẹrù. Kò lè gba ènìyàn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni a gbọ́. Ní ọdún kan náà, ó lọ bẹ Ezzelino, aninilára nì, ní Verona, pé kí ó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ọwọ́ òfo ni ó bọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà. Kí ọdún tó yípo, ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1232, Póòpù Gregory IX kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn, ẹ kíyè sí i: ìwàásù a máa tán létí, ṣùgbọ́n òfin rere a máa dúró ti tálákà lẹ́yìn tí oníwàásù bá ti sùn. Ìmọ̀ tí a kò fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí ayé ń ni lára, ta ni ó ṣe ní àǹfààní?