Àwọn Parsi Ìlú Mumbai: Agbo Ilé Ọlá Tí Ọmọdé Rẹ̀ Ń Dín Kù

Ní ìlú Mumbai, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bombay títí di ọdún 1995, níbi tí èrò ti ń rọ́ lu ara wọn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ọ̀gànjọ́ òru, àwọn agbo ilé kan wà tí ẹni tó bá wọ ẹnu ibodè wọn yóò rò pé òun ti bọ́ sí ìlú mìíràn. Igi ńláńlá ṣíji bo ọ̀nà, ariwo ọkọ̀ rọlẹ̀, àwọn arúgbó jókòó ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn Gujarati. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, obìnrin ilé á fi ìyẹ̀fun ẹfun tẹ àwòrán ẹja àti òdòdó sí iwájú ìloro, á gbé àwo iná tí tùràrí ń rú èéfín lórí rẹ̀ láti yàrá dé yàrá, kí ibi má baà wọlé, kí ire má sì jáde. Àwọn Parsi ló ń gbé ibẹ̀, àwọn ènìyàn tí wọn kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kún ìlú náà láti etíkun dé òkè.

Ilẹ̀ Páṣíà, tí í ṣe Ìran lónìí, ni orírun wọn, Zarathushtra sì ni wòlíì tí ó kọ́ àwọn baba ńlá wọn láti máa sin Ahura Mazda, Ọlọ́gbọ́n Ọba tí ó dá ọ̀run òun ayé, tí iná jẹ́ àmì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láàárín ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní iná ni wọ́n ń bọ kò tíì gbọ́ tẹnu wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Lárúbáwá ṣẹ́gun Páṣíà ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ń gba ilẹ̀ náà kan díẹ̀díẹ̀, àwọn kan nínú wọn tẹkọ̀ létí, wọ́n gúnlẹ̀ sí Sanjan ní etíkun Gujarat. Ìwé ewì Qissa-i Sanjan, tí àlùfáà kan tí ń jẹ́ Bahman kọ ní nǹkan bí ọdún 1600, sọ fún wa pé ọba ibẹ̀ kò ṣàdéédéé gbà wọ́n: ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀sìn wọn fún òun, kí wọ́n máa sọ èdè ilẹ̀ náà, kí àwọn obìnrin wọn máa múra bí obìnrin ibẹ̀, kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe ìgbéyàwó wọn ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà. Títí di òní, Gujarati ni ìyá Parsi fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, nígbà tí oòrùn bá sì ń wọ̀ ni ọkọ àti ìyàwó ń jókòó níwájú àlùfáà. Iná mímọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Sanjan, tí wọ́n ń pè ní Iranshah, ń jó ní Udvada láti ọdún 1742, wọn kò sì jẹ́ kí ó kú.

Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ Bombay di ibùdókọ̀ ojú omi ńlá ni àwọn Parsi ṣí lọ síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wọn ti di ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní 1736, Lovji Wadia ti Surat wá kan ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, ọkọ̀ Trincomalee tí àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ kàn ní 1817 ṣì léfòó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Jamsetjee Jejeebhoy, ọmọ tálákà tí òwò òwú àti òpíọ́mù pẹ̀lú ilẹ̀ Ṣáínà sọ di olówó, fi owó náà kọ́ ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́. A kò ní torí ọrẹ rẹ̀ gbàgbé ibi tí owó náà ti wá, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní torí òpíọ́mù sẹ́ ọrẹ náà. Dadabhai Naoroji wọ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní 1892, ó sì fi ìṣirò hàn wọ́n bí wọ́n ti ń fa ọrọ̀ Íńdíà gbẹ. Jamsetji Tata kọ́ ilé ìtura Taj Mahal tó ṣí ní 1903, òun náà ló sì pète ilé iṣẹ́ irin àti ilé ìwé gíga ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ rẹ̀ parí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn Parsi ìgbà náà ń wo iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú, ìdí nìyí tí orúkọ ìdílé bíi Engineer, Doctor, Contractor àti Merchant fi wà láàárín wọn di òní.

Nínú ilé, ọjọ́ tí ojú gbogbo ẹbí máa ń wà lọ́nà fún ni ọjọ́ Navjote, nígbà tí ọmọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, bá wà ní nǹkan bí ọdún méje sí mọ́kànlá. Ọmọ á wẹ̀, àlùfáà á wọ ẹ̀wù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní sudreh fún un, á sì fi kusti yí i níbàdí lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀já tí a fi fọ́nrán irun àgùntàn 72 hun, nítorí orí 72 ni ìwé Yasna ní. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di tirẹ̀ láti máa tú u, kí ó sì máa so ó pẹ̀lú àdúrà, kí ó sì máa rò rere, kí ó máa sọ rere, kí ó máa ṣe rere. Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ ń bọ̀, Parsi kò sì fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré. Níbi ayẹyẹ, ẹja tí wọ́n fi ata tútù àti àgbọn lílọ̀ pa lára ni wọ́n ń di sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni di mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n sì ń sè é nínú ooru omi. Dhansak, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ẹran àti elégédé sè, tí wọ́n ń fi ìrẹsì pupa jẹ, ni oúnjẹ ọjọ́ Sunday. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò gbọdọ̀ gbé e wá síbi ìgbéyàwó láéláé, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣínu ní ọjọ́ kẹrin ikú, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò fẹnu kan ẹran.

Àwọn agbo ilé tí mo sọ lókè, baug ni wọ́n ń pè wọ́n. Opó ọlọ́rọ̀ kan, Jerbai Wadia, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ wọn, kí Parsi tí kò rí já jẹ lè rí orí ilé sùn sí. Ìgbìmọ̀ Bombay Parsi Punchayet sì ń ṣàkóso ilé tó lé ní 5,000 lónìí. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn: fún Parsi nìkan ni.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ òkú. Lójú wọn, ilẹ̀, omi àti iná jẹ́ ohun mímọ́ tí òkú kò gbọdọ̀ bà jẹ́, nítorí náà wọ́n ń gbé òkú wọn lọ sí Doongerwadi, igbó tútù kan lórí òkè Malabar, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ilé gogoro olókùúta tí kò ní òrùlé, kí igún jẹ ẹran ara rẹ̀. Ó jẹ́ ìtọrẹ ìkẹyìn tí ènìyàn ń ṣe fún ẹ̀dá mìíràn. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, ṣùgbọ́n oògùn ara ríro tí ń jẹ́ diclofenac, tí àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ń fún màlúù, pa á: igún tó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹyẹ tó pọ̀ bí eṣú fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán kí ìjọba tó fòfin de oògùn náà ní 2006. Dígí tí ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí òkú ni wọ́n gbé síbẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn mìíràn yàn láti sun òkú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún gbajúmọ̀ oníṣòwò nì, Ratan Tata, ní Worli ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, òun tí kò gbéyàwó, tí kò sì bímọ.

Ọ̀rọ̀ àìbímọ yìí gan-an ló ń dùn mí. Ní 1941, kí wọ́n tó pín Íńdíà, Parsi ibẹ̀ lé ní 114,000. Ní 2011 wọ́n ku 57,264. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pẹ́ kí wọ́n tó gbéyàwó, ọ̀pọ̀ kò gbé e rárá, àwọn mìíràn sì ti kọjá sí Kánádà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Íńdíà dá ètò Jiyo Parsi sílẹ̀ ní 2013 láti ran tọkọtaya tó ń wá ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan ti wà nílẹ̀ tí a kò kà. Ní 1908, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyàwó Faransé tí R. D. Tata, ọ̀kan nínú ìdílé Tata, fẹ́ dé ilé ẹjọ́ gíga Bombay, àwọn adájọ́ sọ pé ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ Parsi, tí a sì gbà sínú ẹ̀sìn, Parsi ni, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ àjèjì. Bẹ́ẹ̀ ni J. R. D. Tata, ọmọ obìnrin Faransé náà, ẹni tó ṣáájú gbogbo ará Íńdíà nínú gbígba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òfuurufú, ṣe jẹ́ Parsi tí gbogbo wọn ń fi yangàn. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ni Parsi, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ Faransé, ìta ni ọ̀pọ̀ wọn ìbá fi í sí.

Àwọn tó di àṣà mú ṣinṣin ní ìdí tiwọn: wọ́n ní títọ́jú ìran ló jẹ́ kí àwọn tó kéré tó báyìí la ẹgbẹ̀rún ọdún já láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, mi ò sì jẹ́ fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀ ọmọ ọkùnrin tó fẹ́ àjèjì kò pàdánù ohunkóhun, nígbà tí arábìnrin rẹ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ lè di ẹni tí a tì síta níbi ìsìnkú òbí rẹ̀. Obìnrin kan ní Gujarat gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́. Ó fìdí rẹmi ní 2012, ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2017, níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àwọn alákòóso àwùjọ Parsi ìlú rẹ̀ gbà pé kí ó lọ síbi ètùtù ìkẹyìn bàbá òun ìyá rẹ̀ bí ọjọ́ náà bá dé. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ ọmọ nìyẹn, kò yẹ kó di ohun tí à ń torí rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Àwọn àlùfáà díẹ̀ ti ń ṣe Navjote fún ọmọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, ní Pune sì ni wọ́n ṣí Asha Vahishta ní 2017, ilé àdúrà tí ìyá, ọkọ rẹ̀ àjèjì àti àwọn ọmọ wọn lè jọ wọ̀. Ní Mumbai ẹ̀wẹ̀, iwájú ilé iná mímọ́ ni irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ti ń dúró de ìyàwó rẹ̀.