Ilé Tó Ń Bá Ilẹ̀ Jó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ iná, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí àyè jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kò ní ìjàpá nínú, kò sì ní iwin. Ọ̀rọ̀ ilé kan ni. Ọwọ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló kọ́ ọ, ó sì wà títí di òní, kí ẹni tó bá ní ojú lọ wò ó. Bó ti wù kí ènìyàn dàgbà tó, bó bá rí i, ẹnu rẹ̀ kò ní lè padé.

Àwọn baba wa ní ìjì kì í jà kó gbé ọlọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ohun tó bá wúwo, apá afẹ́fẹ́ kì í ká a. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé bí ilé bá ti wúwo, tí ògiri rẹ̀ nípọn, tó le gbagidi, kí onílé máa sùn kó máa hanrun. Ṣùgbọ́n ìjà kan wà tí kì í ti ojú sánmà wá. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dìde, ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ tí gbogbo wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò sì máa mì tìtì. Lọ́jọ́ náà, ìwúwo tí ọlọ fi ń yangàn á di ẹ̀bi sí i lọ́rùn, nítorí ibi tó jókòó lé gan-an ló ń sá lọ lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ á fà sọ́tùn-ún, ògiri tó wúwo kò ní lè tètè bá a lọ. Kó tó sọ pé òun ń bọ̀, ilẹ̀ á ti padà sósì. Ibẹ̀ ni ògiri ti ń sán, tí àjà ń já lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ lórí.

Àwọn ará Japan mọ ìjà yìí bí ẹni mọ owó. Erékùṣù ni ilẹ̀ wọn, àwọn àpáta ńláńlá tó gbé ayé ró sì ń ti ara wọn lábẹ́ wọn tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì ní Tokyo àti Yokohama, iná sì ràn tẹ̀ lé e. Ẹni tó lọ sí i lé ní 100,000. Ẹni tó bá ń gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní ronú kó tó fi igi lé igi.

Ẹ wá gbọ́ ìyanu. Ní agbègbè Nara, ilé ẹ̀sìn Búdà kan wà tí wọ́n ń pè ní Hōryū-ji. Ilé àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ jóná lọ́dún 670. Nínú èyí tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀ ni ilé gogoro onígi kan wà, alájà márùn-ún, tó ga tó mítà 32. Ó ti lé ní 1,300 ọdún tó ti dúró síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ka òrùka ọjọ́ orí tó wà nínú igi òpó àárín rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọdún 594 ni wọ́n gé igi náà lulẹ̀. Ẹ máa ka ìran baba sẹ́yìn, yóò rẹ̀ yín kí ẹ tó kà á débẹ̀. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ti mì níbẹ̀ láìmọye ìgbà. Iná àti ìjì ni ọ̀tá irú ilé gogoro wọ̀nyí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìmìtìtì ilẹ̀ tó rí wọn wó.

Kí làwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé ọjọ́un mọ̀? Wọn ò kàwé ẹnjiníà, wọn ò ní sìmẹ́ńtì. Wọ́n gbẹ́ ẹnu igi kan wọ inú igi kejì, wọ́n sì jẹ́ kó rí àyè díẹ̀ yí ara padà. Wọ́n kó àjà lé orí àjà láìkàn wọ́n mọ́ ara wọn. Bí ilẹ̀ bá mì, àjà ìsàlẹ̀ á lọ sọ́tùn-ún, èyí tó wà lórí rẹ̀ á lọ sósì, ẹ̀kẹta á tún padà sọ́tùn-ún, títí dé òkè. Ijó ejò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Níbi tí igi ti ń fara gbo igi yẹn ni agbára ilẹ̀ ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ti rí obìnrin tó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò. Ọ̀nà ń gbé e sókè sódò, ìbàdí ń yí, ọrùn ń gba ibí gba ọ̀hún, omi ò sì dà. Bó bá le ọrùn gan-an bí igi, kó tó dé ilé, ara rẹ̀ á ti tutù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ti òpó àárín yẹn ló wá kó mi láyà jù. Ẹ̀yin náà á ti rò pé òun ló gbé gbogbo ilé dúró. Rárá o. Kò gbé àjà kankan. Ọ̀ṣọ́ tó wà ní ṣóńṣó òrùlé nìkan ló gbé. Ní ìlú Nikko, wọ́n tún irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́dún 1818, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì fi so òpó ibẹ̀ rọ̀ láti àjà kẹrin. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, ẹ óò rí i pé kò kanlẹ̀. Àyè tó wà láàárín òun àti ilẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ìtì igi ńlá, ó rọ̀ dirodiro nínú ilé! Àwọn ẹnjiníà òde òní ti kọ́ irú rẹ̀ kékeré, wọ́n mì ín jìgìjìgì láti mọ àṣírí rẹ̀, àríyànjiyàn wọn ò sì tíì tán. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ni pé bí àjà kan bá fẹ́ jó kọjá ààyè rẹ̀, á fi ara gbá òpó náà, òpó á sì dá a padà sí àyè.

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Nígbà tí àwọn ará Tokyo fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ Skytree, tó ga tó mítà 634, ọ̀dọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ yẹn ni wọ́n padà sí. Wọ́n gbé òpó kọnkéré tó ga tó mítà 375 sí àárín rẹ̀, wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára irin tó yí i ká, wọ́n sì fi ohun èlò tí òróró wà nínú rẹ̀ sáàárín méjèèjì lókè, kí ọ̀kan lè máa pẹ̀tù sí ìjà èkejì. Orúkọ òpó àtijọ́ náà, shinbashira, ni wọ́n sọ ọ́. Wọn ò tíì kọ́ ilé náà tán nígbà tí ìmìtìtì ńlá ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011 dé, èyí tí òkun tẹ̀ lé, tó sì gbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ. Ilé ìṣọ́ náà mì, kò wó. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ó dé gíga tí wọ́n yàn fún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń pa ènìyàn. Ilé tí ènìyàn kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Haiti, níbi tí àtọmọdọ́mọ àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń pe Ògún ní Ogou di òní. Òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0. Ní oṣù kejì, ilẹ̀ mì ní Chile, òṣùwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 8.8, agbára tó tú jáde sì tó nǹkan bí ìlọ́po 500 ti Haiti. Ní Haiti, ẹni tó kú lé ní 100,000. Ní Chile, wọn ò ju nǹkan bí 500 lọ. Lóòótọ́, ti Haiti sún mọ́ olú-ìlú wọn pẹ́kípẹ́kí. Ṣùgbọ́n Chile ti jẹ ìyà rí: ìmìtìtì tó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì wọ̀n láyé, ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1960. Wọ́n ṣe òfin ilé kíkọ́, wọ́n sì ń pa á mọ́. Ní Haiti, òṣì kò jẹ́. Kọnkéré wúwo, irin inú rẹ̀ kò tó, kò sì sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ bíríkìlà wò.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa. Lọ́dún 1984, ilẹ̀ mì ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì gbọ́ ọ dé Ìbàdàn. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dÍfá ọrọọrún. Àní, láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì rárá, ilé ń wó pa ènìyàn láàárín wa, nítorí ẹni kan yọ irin, ẹni kan fi yanrìn bo àìtó sìmẹ́ńtì. Bí ẹ bá dàgbà tí ẹ ń kọ́lé, ẹ rántí àwọn tó fi ọdún 1,300 fún igi lásán nítorí pé wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ yẹ ìpìlẹ̀ wò kí ẹ tó kun ọ̀dà. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò dúró de ìmìtìtì ilẹ̀.