Físà tọkọtaya sí UK: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí ìgbéyàwó bá ti wáyé, físà ti dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìlú UK, tàbí tó ti ní ìwé ìgbélùú títí láé níbẹ̀, lè lo ọ̀nà yìí láti mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, ọdún 2024, owó tó ń wọlé fún un gbọ́dọ̀ tó £29,000 lọ́dún. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Wọn kì í ka owó oṣù ẹni tó ṣì wà ní Nàìjíríà mọ́ ọn. Ẹ lè lo owó ìfowópamọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà ní báǹkì. Owó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá lánàá kò lè ṣiṣẹ́.

Tọkọtaya náà gbọ́dọ̀ ti fojú kan ara wọn rí. Tó bá jẹ́ fọ́tò ọkọ ni wọ́n gbé sórí àga lọ́jọ́ ìdána, ẹ wá ẹ̀rí míì: tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò, fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín.

Ẹni tó ń lọ yóò ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn TB, yóò sì fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Tí wọn kò bá fún yín ní físà, owó ìlera á padà, ṣùgbọ́n owó fọ́ọ̀mù ti lọ nìyẹn. Torí náà, ẹ kó ìwé jọ ná, kí ẹ tó sanwó.