Owó Ìpè Láàrin Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jíjìn ọ̀nà kọ́ ló ń sọ iye tí ìpè máa jẹ. Fóònù á sọ ohùn olùpè di nọ́ńbà, á gé e wẹ́wẹ́, á kọ àdírẹ́ẹ̀sì sára ègé kọ̀ọ̀kan, á sì jù ú sójú ọ̀nà kan náà tí àwòrán àti fídíò gbogbo ayé ń gbà. Ègé kan sábà máa ń gbé ohùn ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá. Fóònù tó wà lódìkejì ló ń tò wọ́n jọ padà.

Tẹlifóònù àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi ọ̀nà kan ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ẹni méjì, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ tàbí wọ́n dákẹ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ìpè náà bá sì gba ọwọ́ wọn kọjá ló ń bu owó tirẹ̀. Kí fóònù GSM tó dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, òbí tó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù a lọ jókòó sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, a tẹjú mọ́ aago. Káàdì ìpè làwọn ọmọ ń rà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fi owó ẹyọ ha á, wọ́n á tẹ nọ́ńbà gbọọrọ. Ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára káàdì kì í sì í sábà pé. Kí wọ́n tó kí "ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ará ilé ńkọ́" tán, owó ti ń lọ.

Ọdún 1995 ni VocalTec, ilé-iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, gbé ìpè orí íńtánẹ́ẹ̀tì jáde fún kọ̀ǹpútà. Skype dé ní 2003, WhatsApp fi ìpè kún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2015. Skype fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní oṣù Karùn-ún 2025.

Bí áàpù kan náà bá wà lọ́wọ́ olùpè àti ẹni tí ó ń pè, dátà nìkan ni ìpè ń jẹ. Bí ó bá wá jẹ́ fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni ìyá ń lò n'Íbàdàn ńkọ́? Àwọn áàpù kan lè pe nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìṣẹ́jú tún dé nìyẹn, nítorí nẹ́tíwọ̀kì ilé máa ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ìpè wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí èèyàn fi iye owó áàpù kan wé ti òmíràn fún.

Dátà pàápàá ní ìṣirò. Ohùn tó ń lo 32 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá á jẹ nǹkan bí 29 megabyte ní wákàtí kan, àlọ àti àbọ̀, láìka àdírẹ́ẹ̀sì ara àwọn ègé. Fídíò ń jẹ ìlọ́po ìlọ́po èyí. Ohun táwọn ará òkè-òkun sì ń gbàgbé ni pé ẹni tí wọ́n pè ń ná dátà tirẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ìpè lásán kì í ná an ní kọ́bọ̀ nílé. Ọmọ tó wà nídìí Wi-Fi ọ̀fẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi fídíò jẹ dátà ìyá rẹ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kí wọ́n pa kámẹ́rà, kí wọ́n tan ètò tó ń dín dátà ìpè kù nínú WhatsApp, tàbí kí ọmọ máa fi dátà ránṣẹ́ sílé.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège, àwọn ègé kan á sọnù, ohùn á sì máa já. Pípa kámẹ́rà máa ń ràn án lọ́wọ́ níbí náà. WhatsApp kò lè pe 112 ní pàjáwìrì. Ìpè gidi nìyẹn ń fẹ́.