Àtíkè tó di ère

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Òmù-Àrán, wọ́n kó wa lọ wo ère òkúta Èsìẹ́. Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn wọ́n. Mo rò pé tìtorí ìtàn ni, torí àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò tó di òkúta ni wọ́n.

Àṣé òkúta ọṣẹ ni. Táàkì, ohun tí wọ́n ń lọ̀ ṣe àtíkè, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ní 1812, Friedrich Mohs, ọmọ Jámánì, to àwọn ohun inú òkúta láti 1 dé 10, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan ṣe lè ha èkejì. Dáyámọ́ńdì gba 10, táàkì gba 1. Èékánná yín gan-an lé ní 2!

Báwo wá ni wọ́n ṣe pẹ́ tó báyìí? Ẹ wò ó, kí nǹkan le yàtọ̀ sí kó má jẹrà. Kábọ́nì dáyọ́ksáídì inú afẹ́fẹ́ ń yòrò sínú òjò, omi náà á wá ní ásíìdì díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ mábù, tó le ju táàkì lọ. Táàkì ò tiẹ̀ dá a lóhùn.

Ọwọ́ èèyàn ni wàhálà wọn. Ní 1945 ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù fún wọn, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ère náà ni orí wọn ti kán. Lọ́jọ́ tí a lọ, ọ̀rẹ́ mi kan ti yọ kọ́kọ́rọ́ láti kọ orúkọ ẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kan. Olùkọ́ wa ló tètè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.