Ẹ̀kọ́ Kejì Ọmọ Ogun Lẹ́bàá Àbíjàn

Orúkọ ìlú Àbíjàn kò ṣàjèjì létí àwa Yorùbá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Èjìgbò ni ó ti sọ ibẹ̀ di ilé, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń tọ́mọ níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó bá bá ìlú náà kàn wá pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2016, àwọn agbésùnmọ̀mí já wọ etí òkun Grand-Bassam, ìlú tí ó wà níhà ìlà-oòrùn Àbíjàn, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń gba afẹ́fẹ́ ìsinmi. Wọ́n yìnbọn lu àwọn ènìyàn lórí iyanrìn àti nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Ènìyàn 19 ni ó kú. Ọmọ ogun 3 wà lára wọn.

Ní bárékè, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ọmọ ogun mọ bí a ti ń tò, bí a ti ń tú ìbọn palẹ̀ tí a sì ń tò ó padà, àti bí a ti ń gbọ́ àṣẹ. Ẹ̀kọ́ yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní pápá ogun, ọ̀tá wà níwájú, tiwa wà lẹ́yìn. Ní Grand-Bassam, ojú kan náà ni ọ̀tá àti ìyá ọlọ́mọ wà.

Láti wá nǹkan ṣe sí irú ewu yìí ni Côte d'Ivoire àti Faransé ṣe fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Jacqueville, níhà ìwọ̀-oòrùn Àbíjàn, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Patrick Achi, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, ṣí i. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti pàdé ní ọdún 2022 fún ìdánrawò tí a ń pè ní Flintlock.

Kí ni ọmọ ogun ń bá pàdé nínú irú ẹ̀kọ́ kejì yìí? Yàrá ni. Àwọn mẹ́rin a tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìlẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹni kìíní a kọjú sí igun kan, ẹnì kejì a kọjú sí igun òdìkejì. Ẹnu ìbọn ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá lára ẹnìkejì rẹ̀. Àwòrán ènìyàn wà nínú yàrá náà: ọ̀kan mú ìbọn, èkejì mú tẹlifóònù, ẹ̀kẹta gbé ọmọ pọ̀n. Kí a tó ṣẹ́jú, ó gbọ́dọ̀ ti mọ èwo ni ọ̀tá. Ọwọ́ ni yóò wò, kì í ṣe ojú. Bí ó bá yìnbọn lu ọlọ́mọ, ó ti kùnà, ì báà pa gbogbo ọ̀tá tí ó kù. Wọn a padà sẹ́yìn, wọn a tún un ṣe lọ́sàn-án, wọn a tún un ṣe lóru.

Bí ìbọn bá dákẹ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Ọmọ ogun gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń fi ọ̀já há itan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kí ẹ̀mí má bàa bọ́ kí dókítà tó dé.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2025, Faransé dá bárékè rẹ̀ tí ó wà ní Port-Bouët, ní Àbíjàn, padà fún àwọn onílẹ̀. Ẹrù ìdáàbòbò ìlú ti wá wúwo léjìká àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ náà kò fi gbọdọ̀ rẹ̀yìn.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ìbọn ni a rán ọmọ ogun. Ìbọn kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí aláìṣẹ̀. Ẹni tí ó mú un dání ni ó gbọdọ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀.