Ẹ Má Pa Kẹ́hìndé Rẹ́

Àwọn bàbá wa ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lóde òní, àwa fi kún un pé ó yẹ kí a wòye dáadáa kí a tó pa orúkọ ọmọ náà rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi Belleville ṣe àpẹẹrẹ, àdúgbò kan ní ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan níbẹ̀ fẹ́ kó orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti inú ìwé Excel púpọ̀ sínú dátábéèsì kan ṣoṣo, èyíinì ni àká àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ti pàṣẹ pé ohun kan kò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, àká náà yóò kọ ẹrù rẹ̀. Bí kò bá pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan yóò di ẹni mẹ́ta láìsí ariwo.

Kí ni ó fà á? Ẹni tí ó kàwé Faransé kọ “Djimoh”. Ẹni tí ó kàwé Gẹ̀ẹ́sì kọ “Jimoh”. Àlàfo kékeré tí ojú kò rí ní ìparí orúkọ ń sọ ọ́ di orúkọ mìíràn. Àmì èdè wa pàápàá ń dá kún un: kọ̀ǹpútà lè tọ́jú “ọ” bí lẹ́tà kan, tàbí bí “o” àti àmì tí a fi sí abẹ́ rẹ̀. Ojú wa rí ọ̀kan. Ẹ̀rọ rí méjì.

Síbẹ̀, ìkánjú ni ewu tí ó tóbi jù. Bí akọ̀wé bá ní kí a pa ọ̀kan rẹ́ níbi tí orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí bá ti jọra, láàárín àwa Yorùbá tí a mọ̀ fún ìbejì, Kẹ́hìndé ni yóò parẹ́ yẹn!

Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sí ibì kan lọ́tọ̀, kí a gé àlàfo kúrò, kí a mú àkọtọ́ bára mu, kí a fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí a sì bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn léèrè. Ní 2022, àjọ INEC ní Nàìjíríà yọ 2,780,756 kúrò nínú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sì wà nínú wọn. Ìka ọwọ́ àti ojú ènìyàn ni ẹ̀rọ wọn fi wé ara wọn, kì í ṣe orúkọ lásán.

Bouaké, tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní 2002 nínú ogun tí ìjà lórí ta ni ọmọ onílẹ̀ wà lára ohun tí ó fà á, mọ iye tí orúkọ nínú ìwé tó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa kọ orúkọ wọn lọ́nà kan ṣoṣo láti kíláàsì kìíní. Orílẹ̀-èdè tí kò lè ka ọmọ rẹ̀ bí ó ti yẹ, báwo ni yóò ṣe tọ́jú wọn?